Iliad, Odyssey, Hesiod, tàbí orin ìyìn àwọn òrìṣà: èwo ni kí o kọ́kọ́ kà nínú ewì Gíríìkì àtijọ́?

Eré orí ìtàgé ló fi Gíríìkì han ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá ka Ọlá Rótìmí nílé ìwé girama ti mọ ìtàn Oedipus kó tó gbọ́ orúkọ Sophocles, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì àtijọ́, rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ àná ni eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì. Kí Sophocles tó dáyé ni àwọn akéwì Gíríìkì ti ń ké ìtàn ogun àti ìtàn òrìṣà níwájú èrò, láìwo ìwé kankan. Díẹ̀ ló kù nínú ohun tí wọ́n ké. Iliad àti Odyssey wà, tí wọ́n fi sórúkọ Homer. Ewì méjì ti Hesiod wà, Theogony àti Works and Days. Orin ìyìn àwọn òrìṣà náà wà, 33, tí wọ́n ń pè ní ti Homer bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ oríṣiríṣi akéwì ni wọ́n ti wá.

Bí o bá béèrè ibi tó yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀, Iliad ni wọn yóò sọ fún ọ, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ oríkì, tó ti gbọ́ ìjálá tàbí rárà rí, orin ìyìn ni kó kọ́kọ́ mú, kó tó kàn án dé Odyssey, kí Iliad wá gbẹ̀yìn. Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn yìí kò bá wọn mu, a ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìwọ̀n, èdè àti oríkì

Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ewì wọ̀nyí fi ń rìn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ kan lè jẹ́ sílébù gígùn kan àti kúkurú méjì, ó sì lè jẹ́ gígùn méjì. Ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn kì í ju sílébù méjì lọ. Ìlà tó ṣí Iliad nìyí, mo pín in kí ojú lè rí i:

mē-nin a | ei-de the | ā Pē | lē-i-a | deō A-khi | lē-os

Níbi tí o bá ti rí ìlà lórí fáwẹ̀lì, fa ohùn níbẹ̀. Fa ei náà. Kí o sì sáré kọjá lórí ìyókù. Sílébù tó parí ìlà, bó gùn bó kúrú, kò sẹ́ni tó ń bi í. Kà á sókè nígbà mẹ́ta, wàá rí i pé ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fúnra rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí á béèrè pé ohùn wá ńkọ́? Ohùn wà. Gíríìkì àtijọ́ ní ibi tí ohùn ti ń gòkè nínú ọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì sábà máa ń jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan. Àmì tí a ń fi sórí á àti à lónìí gan-an, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀ wá: àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Alexandria ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi sórí ọ̀rọ̀, ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Kristi, kí òǹkàwé lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe ewì àtijọ́. Àmọ́ ohùn kọ́ ló gbé ìlà ewì wọn ró. Bí sílébù bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ohùn òkè ti ń pe ohùn ìsàlẹ̀ lóhùn, bó ṣe máa ń rí nínú ewì tiwa, kò ní í rí i níbẹ̀.

Èdè inú rẹ̀ kì í ṣe èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ nílé. Ẹ̀ka-èdè Ionia, ti àwọn ará etíkun tó jẹ́ ilẹ̀ Tọ́kì lónìí àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí rẹ̀, ló pọ̀ jù. Ti Aeolia dà pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tó ti kú lẹ́nu aráyé sì wà níbẹ̀ tí àwọn akéwì kò jẹ́ kó lọ. Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni ti anax, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọba. Látijọ́, w ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: wanax. Bẹ́ẹ̀ ló wà lára wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní ààfin Pylos àti Knossos, èyí tí Michael Ventris tú àṣírí ìkọ̀wé rẹ̀ ní 1952. Nígbà tí Iliad fi máa di ohun àkọsílẹ̀, w ti jábọ́ lẹ́nu àwọn ará Ionia pátápátá. Síbẹ̀, wo ìlà keje nínú Iliad: te anax. Fáwẹ̀lì méjì forí gbárí, ó yẹ kí ìpajẹ ṣẹlẹ̀, e ìbá sì ti lọ. Kò lọ. Akéwì náà kò mọ w mọ́, ṣùgbọ́n àyè w ṣì wà nínú ìlà tó jogún.

Oríkì ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí. Kò sẹ́ni pàtàkì kan nínú ewì wọ̀nyí tí kò ní orúkọ àpọ́nlé. Achilles, akọni inú Iliad, ni ẹlẹ́sẹ̀-yíyá. Hera, òrìṣà obìnrin, ni apá-funfun. Ìdájí jẹ́ òrìṣà obìnrin tí ìka rẹ̀ pupa bí òdòdó. Àwọn òǹkàwé ayé òde òní máa ń ráhùn pé àsọtúnsọ ti pọ̀ jù, pé Achilles jókòó gẹlẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní apá kìíní Iliad, inú ń bí i, kò lọ síbì kankan, akéwì ṣì ń pè é ní ẹlẹ́sẹ̀-yíyá. Ìráhùn yẹn kò lè ti ẹnu ẹni tó mọ oríkì wá. Ẹni tí wọ́n ń kì ní olówó kò dìgbà tó bá ń náwó lọ́wọ́ kí wọ́n tó kì í.

Ará Amẹ́ríkà kan, Milman Parry, ló fi hàn ní Paris ní 1928 pé àsọtúnsọ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Wo Odysseus, akọni inú Odyssey. Bí àyè tó kù níparí ìlà bá gùn, akéwì á pè é ní polutlas dios Odusseus, ẹni ọlá tó ti rọ́jú fara da ìyà. Bí àyè bá dín, á pè é ní polumētis Odusseus, ọlọ́gbọ́n ọ̀nà púpọ̀. Bó bá kù díẹ̀ péré, dios Odusseus ti tó. Orúkọ Achilles wọn bákan náà, tirẹ̀ náà sì jẹ́ mẹ́ta tó wọ àyè mẹ́ta kan náà wẹ́kú: podarkēs dios Akhilleus, podas ōkus Akhilleus, dios Akhilleus. Ẹni tó ń ké ewì lójú ẹsẹ̀, tí kò ní tákàdá níwájú, àwọn àpólà tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ yìí ló fi ń rìn débi tí ìlà parí sí nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti wà lórí ìlà tó kàn. Láti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, Parry gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Yugoslavia láàárín 1933 sí 1935, ó lọ bá àwọn akọrin ìtàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn, Avdo Međedović, alápatà ni; ó pe ewì kan sílẹ̀ fún wọn tó ju ìlà 12,000 lọ, tó gùn tó Odyssey. Parry kú ní 1935 náà, ó kù Albert Lord, tó bá a lọ, láti gbé iṣẹ́ náà dé orí ìwé.

Mi ò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n o. Oríkì tiwa ń bá ẹni tó wà níwájú sọ̀rọ̀, ó ń gbé orí rẹ̀ wú, ó sì lè dá dúró láìsí ìtàn tó ń tẹ̀ síwájú. Orúkọ àpọ́nlé inú Homer, inú ìtàn ló wà, ẹnì kẹta ni wọ́n sì fi ń pe akọni. Àfi nígbà mìíràn. Bí ikú ṣe ń sún mọ́ Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles, ní apá kẹrìndínlógún Iliad, akéwì á kàn ṣàdédé kọjú sí i, á máa pè é ní "ìwọ, Patroclus ẹlẹ́ṣin". Nínú Odyssey, ẹni tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni Eumaeus, ẹrú tó ń da ẹlẹ́dẹ̀. Fetí sí àwọn ibi wọ̀nyẹn bí o bá dé wọn.

Iliad àti Odyssey, bí o bá máa mú ọ̀kan

Iliad ní ìlà 15,693. Odyssey lé díẹ̀ ní 12,100. Wọ́n pín méjèèjì sí apá 24. Ìyàtọ̀ tó wà nínú gígùn wọn kọ́ ló máa dá ọ lágara, ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ìtàn ni.

Ìtàn ọdún mẹ́wàá ogun Troy kọ́ ni Iliad. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún kẹwàá ni: Agamemnon, olórí ogun Gíríìkì, gba ẹrúbìnrin kan, Briseis, lọ́wọ́ Achilles, Achilles bínú fi ogun sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Patroclus kú, ó padà wá pa Hector, ọmọ ọba Troy. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ tìtorí ẹṣin onígi tí wọ́n fi tan Troy jẹ, kò ní í rí ẹṣin onígi kankan. Ikú Achilles náà kò sí níbẹ̀. Odyssey ló ní ìtàn ẹṣin náà, ní apá kẹjọ, níbi tí afọ́jú akéwì kan, Demodocus, ti ń kọ ọ́ lórin tí Odysseus fúnra rẹ̀ sì bú sẹ́kún.

Apá kejì Iliad lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé ìwé sílẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀wọ́ ọmọ ogun Gíríìkì 29 àti iye ọkọ̀ ojú omi tí olúkúlùkù kó wá, ó sì gùn. Fò ó. Ó níye lórí fún ẹni tó ń wádìí ìtàn ìlú, ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lọ tààrà sí apá kẹfà. Hector ti ojú ogun wọlé, ìyàwó rẹ̀ Andromache pàdé rẹ̀ lẹ́nu ibodè, olùtọ́jú gbé ọmọ wọn dání. Baba na ọwọ́ sí ọmọ, ọmọ figbe ta, ó yíjú padà sí àyà olùtọ́jú rẹ̀, nítorí ẹ̀rù akoto idẹ àti irun ẹṣin tó ń mì lórí rẹ̀ ń bà á. Baba rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ́rìn-ín. Hector ṣí akoto, ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ìtànṣán rẹ̀, ó fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, ó sì gbàdúrà pé kí wọ́n lè sọ lọ́jọ́ kan pé ọmọ yìí dára ju baba rẹ̀ lọ fíìfíì. Andromache gba ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Apá kẹrìnlélógún ni kejì rẹ̀. Priam, ọba Troy, arúgbó, wọ àgọ́ Achilles lóru láti ra òkú ọmọ rẹ̀ padà. Ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó fẹnu ko ọwọ́ tó pa àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún, Priam ń sunkún Hector, Achilles ń sunkún baba tirẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé, ó tún ń sunkún Patroclus. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹun. Ìlà tó parí gbogbo ewì náà sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe sìnkú Hector, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn pátápátá sì jẹ́ oríkì rẹ̀, "amúṣinrọ̀", hippodamoio. Ewì àwọn Gíríìkì ni, ọ̀tá wọn ni wọ́n sì kì parí rẹ̀.

Odyssey ń sáré ju èyí lọ, ìdí ọgbọ́n ló sì fi ń sáré. Odysseus tó ni ìtàn kò yọjú títí di apá karùn-ún. Ọmọ rẹ̀ Telemachus là ń tẹ̀ lé ní apá mẹ́rin àkọ́kọ́. Àwọn abàmì tí gbogbo èèyàn mọ̀, olójú-kan Polyphemus, Circe, àwọn Siren, Scylla, apá mẹ́rin péré ni wọ́n wà, kẹsàn-án sí ìkejìlá, ẹnu Odysseus gan-an la sì ti ń gbọ́ ọ níbi àsè. Ẹni tí wọ́n ń kì ní ọlọ́gbọ́n ọ̀nà púpọ̀ ló ń ròyìn ara rẹ̀, tí àlejò àti oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Bí o bá fẹ́, gbà á gbọ́.

Láti apá kẹtàlá ló ti délé, Ithaca. Ìdajì ewì náà ni wọ́n fi sọ bí ọkùnrin tó lo ogún ọdún lẹ́yìn odi ṣe wọ ilé ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbe, tó ń wá ẹni tó ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ajá rẹ̀ Argos, tó ti di ajúwọ̀ọ́nsílẹ̀ lórí ààtàn, dá a mọ̀, ó ju ìrù, ó sì kú. Ní apá kọkàndínlógún, Eurycleia tó tọ́ ọ dàgbà ń fọ ẹsẹ̀ àlejò, ọwọ́ rẹ̀ ba àpá kan lórí itan. Ìtàn dúró síbẹ̀! Fún ohun tó ju ìlà 70 lọ, akéwì gbé wa lọ sí òkè Parnassus, níbi tí ìmàdò ti ṣá ọmọkùnrin náà ní kékeré, kó tó mú wa padà wá síbi tí ẹsẹ̀ já bọ́ sínú agbada, tí omi sì dà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àgbà ṣe ń sọ ìtàn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàgbé.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìwé ọmọdé ni Odyssey ṣá. Ní apá kejìlélógún, wọ́n so ìránṣẹ́bìnrin 12 rọ̀ nínú àgbàlá lẹ́yìn tí wọ́n ti fi wọ́n palẹ̀ òkú mọ́. Ó ṣòro láti kà, akéwì kò sì fi bò.

Ẹni tí kò ráyè púpọ̀, tó fẹ́ ìtàn tó máa fà á lọ, Odyssey ni kó mú. Ẹni tó fẹ́ràn àfiwé gígùn, níbi tí ìró ogun á ti dédé di ti olùṣọ́-àgùntàn lórí òkè tàbí ti kìnnìún nínú agbo, Iliad ló ní wọn lọ́pọ̀ yanturu. Odyssey kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, tàbí tó ti fojú rí ogun, mi ò ní í sọ fún un pé kó fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀. Iliad ni tirẹ̀, kó mú un lónìí.

Hesiod

Díẹ̀ ni màá sọ. Àgbẹ̀ àti darandaran ni, ará Ascra ní Boeotia, abúlé tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò dára nígbà òtútù, kò dára nígbà ooru, kò sì sígbà kan tó dára. Ó dárúkọ ara rẹ̀ nínú ewì, ohun tí Homer kò ṣe rí. Theogony, ìlà 1,022, to ìran àwọn òrìṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí Zeus, ọba wọn. Ìwé àyẹ̀wò ni mo kà á sí: bí o bá ń ka orin ìyìn tí o kò mọ ẹni tó bí ta ni, sí i wò.

Works and Days dùn jù ú lọ fún mi, ìlà 828 péré ni. Perses arákùnrin rẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ogún, àwọn ìjòyè tó ń dájọ́ sì jẹ́ ajàbẹ̀tẹ́lẹ̀, ló bá gbé ẹnu lé wọn: òwe, ìtàn àṣá tó gbé ẹyẹ olórin sí èékánná, ìgbà tó yẹ kí a túlẹ̀, ìgbà tó yẹ kí a gé igi, ọjọ́ tó yẹ kí a yẹra fún. Pandora wà níbẹ̀, ìkòkò ńlá ló sì ṣí, kì í ṣe àpótí. Ẹni tó gbádùn òwe ju ìtàn lọ lè fi èyí ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Àwọn orin ìyìn

Wọn ò dọ́gba rárá. Òmíràn jẹ́ ìlà mẹ́ta, ti Hermes jẹ́ 580. Àwọn kúkurú náà, ohun tí wọ́n wà fún hàn lára wọn: akéwì á júbà òrìṣà kó tó bọ́ sínú ìtàn tó fẹ́ ké. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ọ̀rọ̀ ìparí kan náà, pé "èmi yóò rántí rẹ, n ó sì rántí orin mìíràn pẹ̀lú". Ìjúbà rèé, a mọ̀ ọ́n.

Bí o kò bá ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ka ti Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ìkeje nínú wọn, ìlà 59. Àwọn ọlọ́ṣà ojú omi jí ọmọkùnrin arẹwà kan gbé, okùn kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ọtí wáìnì ń ṣàn nínú ọkọ̀, àjàrà gun òpó ọkọ̀, òrìṣà di kìnnìún, wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n di ẹja dọ́fínì. Atukọ̀ nìkan, tó ti kìlọ̀ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀, ló yè é.

Bí o bá ní ìrọ̀lẹ́ kan, mú ti Hermes. Wọ́n bí i láàárọ̀, ó ta háàpù lọ́sàn-án, ó jí màlúù Apollo kó lálẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé ìjàpá tó ń jẹ koríko, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó kí i káàbọ̀, ó pè é ní ọ̀rẹ́ ijó àti àsè, ó ní kó wọlé nítorí ewu ń bẹ níta. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yìí, ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe: ó gbé e wọlé, ó pa á, ó ta awọ màlúù sórí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó so okùn ìfun àgùntàn méje mọ́ ọn, ohun èlò orin dé. Fún ẹni tó dàgbà sínú àlọ́ Ìjàpá, ìgbà díẹ̀ nìyí tí yóò rí i tí ẹlòmíràn fi ọgbọ́n jù ú. Lẹ́yìn náà ló kó màlúù 50, ó mú kí wọ́n máa rìn sẹ́yìn kí ipasẹ̀ wọn lè dojú rú, ó padà sínú ibùsùn, ó fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọmọ tuntun wé ara rẹ̀. Nígbà tí Apollo dé, ó ní ọmọ àná lòun, báwo lòun ṣe lè mọ màlúù? Zeus gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ti Demeter, ìlà 495, ló jinlẹ̀ jù, ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ló sì gbà á là. Moscow ni wọ́n ti rí i ní 1777. Leiden ní Netherlands ló wà lónìí. Persephone, ọmọ Demeter, ń já òdòdó, ilẹ̀ lanu, Hades, ọba ilẹ̀ àwọn òkú, gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ fi ń káàkiri pẹ̀lú ògùṣọ̀, kò jẹ, kò mu, kò fi omi kan ara. Ó dé Eleusis, ó sọ ara rẹ̀ di ìyá arúgbó, ó jókòó lẹ́bàá kànga títí àwọn ọmọbìnrin ọba fi wá pọnmi. Wọ́n gbọmọ fún un tọ́, ó sì ń tẹ ọmọ náà sínú iná lóru kó má bàa kú láéláé, àfi ìgbà tí ìyá ọmọ yọjú tó figbe bọnu. Níkẹyìn ó mú kí irúgbìn kọ̀ láti hù, ebi fẹ́ pa aráyé, ẹbọ àwọn òrìṣà fẹ́ dáwọ́ dúró, Zeus kò rí ọ̀nà gbé e gbà ju kó dá ọmọ padà. Nítorí èso pómégíránétì tó ti jẹ lọ́hùn-ún, Persephone ń lo ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún nísàlẹ̀, ìdá méjì tó kù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìdí awo Eleusis tí àwọn ará Athens ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wà nínú orin yìí. Ó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Fi ti Apollo sí ìkẹyìn. Méjì ló dà bíi pé wọ́n lẹ̀ pọ̀, ti Delos àti ti Delphi, àárín wọn kò dán. Inú rẹ̀ ni akéwì ti ní kí àwọn ọmọbìnrin Delos máa sọ pé afọ́jú ará Chios ló dùn ún gbọ́ jù. Ìlà yẹn wà lára ohun tó mú kí ayé gbà pé afọ́jú ni Homer.

Orin ìyìn tún wà lẹ́yìn 33 yìí. Callimachus kọ mẹ́fà ní Alexandria ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ewì ọ̀mọ̀wé fún ọ̀mọ̀wé. Dúró dìgbà tí o bá mọ Homer dáadáa. Àwọn 87 tí wọ́n fi sórúkọ Orpheus ńkọ́? Kò sí ìtàn nínú wọn. Orúkọ àpọ́nlé lórí orúkọ àpọ́nlé ni, láti òkè délẹ̀, wọ́n sì sọ tùràrí tí a ó sun fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òrìṣà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó jọ oríkì jù lọ lórí ìwé, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ìtumọ̀ wo?

Ohun tí mo fi ń wọn ìtumọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni olùtumọ̀ ṣe sí oríkì nígbà tó padà wá? Ìlà tí wọ́n fi ń sọ pé ilẹ̀ mọ́ nínú Odyssey, ēmos d' ērigeneia phanē rhododaktulos Ēōs, ń padà wá lọ́pọ̀ ìgbà láìyí ohunkóhun padà. Richmond Lattimore, Iliad 1951, Odyssey nínú ọdún 1960 sí 1969, jẹ́ kó padà wá bó ṣe wà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le díẹ̀, ìlà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n etí tó mọ oríkì kò ní í sọnù níbẹ̀. Emily Wilson, Odyssey 2017, mọ̀ọ́mọ̀ ń yí i padà ní gbogbo ìgbà tó bá dé, ó sì sọ ìdí rẹ̀: òǹkàwé ìwé kì í ṣe olùgbọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yára, iye ìlà rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti Gíríìkì. Robert Fagles, Iliad 1990 àti Odyssey 1996, wà láàárín wọn, ó dùn láti kà sókè fún èrò. Èmi, Lattimore ni mo ń mú. Bí o bá ń ra fún ọmọ ilé ìwé girama, Wilson ni kí o rà.

Ti Samuel Butler, 1898 àti 1900, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé rẹ̀ ti parí. Ìtàn geere ló fi ṣe é, kì í ṣe ewì, orúkọ Róòmù ló sì ń lò: Odysseus di Ulysses, Zeus di Jove. Ó dára fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún Hesiod àti orin ìyìn, ti Hugh Evelyn-White ti 1914 náà ti di ọ̀fẹ́. Gíríìkì wà lójú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kejì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti gbó. Apostolos Athanassakis tú orin ìyìn Homer, Hesiod àti ti Orpheus pẹ̀lú sí ewì tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó lo máa fi rà á.

Bí o bá fẹ́ kọ́ Gíríìkì fúnra rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń fi èdè Athens, ti Plato àti Sophocles, bẹ̀rẹ̀, kí Homer tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ gboyè, bí irú àwọn tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ka Classics ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀nà kejì ni kí o fi Homer bẹ̀rẹ̀ tààrà. Clyde Pharr kọ ìwé fún ìyẹn ní 1920, apá kìíní Iliad ló sì fi kọ́ èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o máa há sórí pọ̀, gírámà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dí, àwọn àpólà tó ń padà wá á sì máa kọ́ ọ fúnra wọn. Ẹni tí ewì nìkan bá ń wù, ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ fún un. Lo o pẹ̀lú Perseus, àkójọ ìwé ọ̀fẹ́ ti Yunifásítì Tufts lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bá rú ọ lójú, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ìlà méje lóòjọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ìlà keje ìgbà àkọ́kọ́ sì ni te anax wà.